Ẹ̀rọ Mi Kò Ní Kúrò Nílé Bàbá Mi

Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àkọ́kọ́ wọ ilé, ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì létí títì l'Áké kí mi pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Kò jẹ̀bi. Ilé bàbá wa wà lókè láàárín àpáta, níbi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò lè gùn dé, ọkùnrin mẹ́rin ló sì gbé ẹ̀rọ náà láti títì. Mo ti fi aṣọ funfun bò ó nítorí eruku. Èmi fúnra mi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní rò pé òkú la gbé bọ̀? Mo dá ìyá náà lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà. Kò tíì kú o, láàyè ni wọ́n fẹ́ sin ín."

Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, yàrá kan lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ńlá náà jù sí. Èmi ni mo sì ti ń jókòó sídìí wọn látìgbà tí mo wà lọ́mọge. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ rédíò, wọn kì í bi ara wọn pé ta ló ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni. Abẹ ni mo fi ń gé téèpù, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ojú àpá. Mo ti gé ikọ́ kúrò lọ́fun àwọn ọlọ́lá, mo ti gé irọ́ mìíràn kúrò tí wọn kò mọ̀ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ lu àwọn ẹ̀rọ náà ní gbàǹjo, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọn ì bá tú u palẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú gèlè mi lórí àti báàgì mi lábíyá, mo bá wọn du ú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n rà á, kín lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní kó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi òun ṣe nígbà tó bí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ẹ̀rọ mi. Ẹni tó ń lu gbàǹjo tún fi páálí téèpù kan kún un fún mi, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí. Àwọn tá a jọ fẹ̀yìn tì bi mí, àwọn tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí, dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà bi mí. Wọ́n ní fóònù tó wà lọ́wọ́ mi ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, kò sì wúwo. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò ṣeé fọwọ́ kàn nínú. Tí mo bá ṣí ẹ̀rọ mi, mo rí ibi tí ohùn gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Bí kẹ̀kẹ́ téèpù méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí abẹ́rẹ́ bá ń jó nínú fèrèsé kékeré tó wà níwájú rẹ̀, inú mi a dùn débi pé n kì í rántí oúnjẹ. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Àwọn kan ń ra góòlù, wọ́n ń tì í mọ́ àpótí, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìpàdé lé wọn lórí.

Ẹ̀rọ kejì, ọ̀nà Ewékorò ni mo ti rí i, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń sin adìyẹ. Bàbá náà ti fi ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe tábìlì tí ó ń to ẹyin lé. Eruku sìmẹ́ǹtì tó ń fẹ́ wá láti ojú títì ti bá ìyẹ́ adìyẹ pọ̀ nínú rẹ̀, rọ́bà tó ń fa téèpù sì ti yọ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Mo tún un ṣe títí òjò ọdún náà fi dá. Òwú àti sípírítì ni mo fi nu orí rẹ̀, ìyẹn àwọn irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe bàtà gé rọ́bà tuntun fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ kò bá a mu, ìgbà kejì náà kò bá a mu, mo sì jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ìgbà kẹta fi bá a mu. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú pálọ̀. Inú ilé bàbá mi náà ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi wà nílé bàbá mi. Mo fi ilé ọkọ sílẹ̀, mo padà wálé. Àwọn èèyàn wa ní orúkọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, dálémoṣú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, bíi pé àrùn tó lè ranni ni. Èmi kì í tijú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọkùnrin ṣe ní ẹ̀tọ́ nílé bàbá rẹ̀ ni ọmọbìnrin ṣe ní in. Ìgbéyàwó kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, bó sì fi ilé ọkọ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò bá ìyẹn lọ. Àbúrò bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń gbé yàrá iwájú. Èmi ń gbé yàrá kejì, pálọ̀ ìsàlẹ̀ sì ni ibùdó àwọn ẹ̀rọ mi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni àwọn òbí wa bí. Agbẹjọ́rò ni, Ìbarà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tí ó kọ́ fúnra rẹ̀. Kò burú lọ́mọ èèyàn. Ohun tó ń ṣe é ni pé tó bá ti dá ẹjọ́ kan nínú mọ́tò rẹ̀, tó bá fi máa débi tí a wà, ẹjọ́ náà ti parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ó wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àdúrà ìyàwó òun kò ní ibi tí wọn yóò ti máa ṣe ìpàdé mọ́, àti pé pálọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ni òun fẹ́ fún wọn. Ó ní, "Àdúrà nínú ilé sàn ju irin lọ. Wá ẹni tó máa ra àwọn nǹkan yìí."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ pé òun kò fẹ́ àdúrà nílé bàbá òun? Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ìwé orin àti Bíbélì? Ṣùgbọ́n yàrá tí mo ń sùn kò ní ilẹ̀kùn mìíràn ju èyí tó ṣí sínú pálọ̀ yẹn lọ. Ẹni tó bá gba pálọ̀ ti gba yàrá mi. Ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ fún Màmá tẹ́lẹ̀ pé yàrá náà yóò dára fún ibi tí àwọn èèyàn wọn yóò ti máa gbààwẹ̀. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀rọ, èmi ń wo ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ta nǹkan kan, n kò sì kúrò lójú kan. Ó ní òun á padà wá.

Ó padà wá lóòótọ́, lọ́jọ́ tí mo lọ sí báńkì ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́. Ìgbà tí mo dé, mo gbọ́ òórùn òróró láti ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ọmọ mi, o kú àbọ̀. Má bínú sí mi o. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró dè ọ́."

"Àwọn ta ni, Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ àtìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúrà wọn. Wọ́n ní àwọn wá wo pálọ̀. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yẹn, pé òun náà ní kékeré rẹ̀ nígbà tóun wà ní yunifásítì. Ó mú téèpù kan nínú páálí, ó gbé e sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde níbẹ̀, kò jọ èdè èèyàn. Ni wọ́n bá figbe ta. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n wá da òróró lé e."

Mo wọlé. Òróró ólífì ló ń ṣàn lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó ti wọ inú ibi tí téèpù ń gbà kọjá, ó sì ti kan etí téèpù náà. Mo wo orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé mi.

Àwa tá a ṣiṣẹ́ sítúdíò kì í yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ tí a bá lò ó tán. Bó ṣe parí la ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ìparí rẹ̀ ló ń wà níta. Ìdí rẹ̀ ni pé bí téèpù bá pẹ́ ní kíká, ohùn tó wà ní ìpele kan máa ń ràn mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ báyìí, ohùn tó ràn yóò wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀, a kò sì ní gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà. Ẹni tí kò bá yí i padà, láti ẹ̀yìn ni yóò ti máa gbọ́ ọ wá sí iwájú. Dùúrù á máa wú bọ̀ láti inú òfo, a sì gé pátì. Ẹni tó ń kọrin á máa gbé ọ̀rọ̀ mì dípò kó sọ ọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ gbogbo nǹkan kò mọ èyí, kò sì dúró bi mí.

Inú bí mi. Mo pè é lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ da òróró sínú ẹ̀rọ mi."

"Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì," ó ní. "Nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí irú ẹ̀ wà nílé bàbá wa, àní nílé bàbá wa!"

"Téèpù wo lẹ gbé sí i?"

"Èyí tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lára. Ìyẹn gan-an ló tún bà mí lẹ́rù. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lóde, kín ló wà nínú? Ìpàdé ẹbí wà lọ́jọ́ Sátidé. Tí o ò bá tíì gbé e jáde, a máa bá ẹ gbé e."

Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́. Mo ti mọ ohun tó wà nínú téèpù náà láti oṣù tí mo gbé páálí wọn dé. Ìsìn orin Kérésìmesì ni, èyí tí ilé iṣẹ́ rédíò lọ gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ọmọkùnrin kan ló dá kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ kí àwọn yòókù tó gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohùn ara rẹ̀ ni wọ́n lé jáde pẹ̀lú òróró. N kò sọ fún un lórí fóònù, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé mo ń fi bẹ̀bẹ̀ fún yàrá mi. Mo nu ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ yẹn títí di Sátidé. Òróró kì í tètè kúrò lára irin, ó máa ń sá wọ kọ̀rọ̀. Mo fa téèpù náà kọjá lára aṣọ gbígbẹ díẹ̀díẹ̀, mo ń bú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń fà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá jókòó sórí àga bàbá wa, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú wa. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, a ò bá yín jà. Ire yín là ń wá. Obìnrin tó bá ti dálémoṣú, tó ń dá gbé láàárín àwọn nǹkan báyìí, ọ̀tá lè gba ibẹ̀ wọlé."

Màmá gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà rẹ̀. Mo dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn.

"Ìyàwó, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí. Mo wà lára àwọn ọkọ tó gbà ọ́ wọlé. Láti ọjọ́ náà, ọkọ rẹ ni mí, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe jẹ́ ọkọ rẹ. Bí mo bá ní kí o máa bọ̀ nílé ọkọ, ilé yìí náà ni. Mo lé ara mi kúrò nílé ọkọ tèmi, ìyẹn kò sọ mí di àlejò nílé bàbá mi. Má pe orúkọ yẹn mọ́ níbí."

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ní mo ń bínú, ṣùgbọ́n kó dìde.

Mo wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀ọ̀dá, kí n tó tẹ nǹkan kan, ẹ gbọ́ èyí. Bó jẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa jáde nínú ẹ̀rọ yìí, bó jẹ́ ìpolówó ọṣẹ ni, kò kúrò níbí. Èmi náà ò kúrò. Àdúrà tí ẹ fẹ́ gbà, mo ń gbà á nínú yàrá mi láràárọ̀, mo sì ń dárúkọ yín níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbé jù síta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbé téèpù náà sí apá ọ̀tún, mo yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo wá fi í sí ipa rẹ̀. Iná wà lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

A gbọ́ ikọ́ àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, a gbọ́ àga tí ẹnìkan wọ́. Dùúrù fún wọn ní ohùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní Yorùbá, òun nìkan, ohùn rẹ̀ ga, ó mọ́, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, omi tún lé sí mi lójú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó mà dùn o. Ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ wa ni," Màmá ní. "Ọkọ rẹ ni."

Ètè ẹ̀gbọ́n mi ń bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ orin, ohùn kò sì jáde. Níbì kan ní ìparí ẹsẹ náà, èémí ọmọ náà fẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi náà sì fa èémí sínú láti ràn án lọ́wọ́. Bàbá àti ìyá wa wà láàárín àwọn tó ń wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo mọ̀ pé ohun tó ń wá nìyẹn nígbà tó sún àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tó sì tẹ́tí. Mo jẹ́ kó lọ títí dé òpin kí n tó pa á.

Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú, ó tún un nù. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ó wà láyé."

"Ó wà nínú páálí tí àwọn onírin kọ̀ sílẹ̀," mo ní.

"Fi ránṣẹ́ sí mi. Sórí fóònù. Kí n lè máa gbọ́ ọ nílé."

Wáyà tí mo lè fi ṣe é wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo wò ó. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ sọ ìyẹn gbangba. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi orin náà sínú fóònù rẹ̀, ó ti ní gbogbo ohun tó fẹ́ nílé yìí nìyẹn, pálọ̀ á sì tún di pálọ̀ lójú rẹ̀ kí oṣù tó parí.

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá. N kò ní fi ránṣẹ́. Ibi tó wà nìyí. Ẹ mọ̀nà ilé."

Ìyàwó rẹ̀ ṣíjú wò ó, ó ń retí pé kí ó pàṣẹ. Òun náà wo Màmá. Màmá ti pajú dé, ó ń mi orí bíi pé orin náà ò tíì tán. Agbẹjọ́rò ni ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ ìgbà tí kò bá sí ẹjọ́ mọ́. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó tì í bọ àpò.

"Ọjọ́ wo ni kí n wá?" ó bi mí.

"Ọjọ́ tó bá wù yín," mo ní. "Èmi ò lọ síbì kankan."